Ẹgbẹ́ Ìtùnú fún Àwọn Tí Èèyàn Wọn Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Gbẹ̀mí Ara Rẹ̀

Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn tó fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Wọ́n ní kí n wá sọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹgbẹ́ ìtùnú sílẹ̀ fún àwọn tí èèyàn wọn pa ara rẹ̀, màá sì sọ ọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ kò ní í gbọ́ lẹ́nu mi lónìí, ìyẹn ni ìtàn ẹnikẹ́ni tó ti jókòó nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé ìtàn ló máa ń mú kí ọ̀rọ̀ àsọyé dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n òfin àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ ni pé ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń gbé. Bí mo bá yọ orúkọ kúrò, tí mo sọ ọkọ di ẹ̀gbọ́n, tí mo sọ obìnrin di ọkùnrin, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ yóò ṣì dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ̀ níbikíbi tó bá ti gbọ́ ọ. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́kọ́ yé sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ fún ọkọ tàbí aya yín nílé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ó lé ní 720,000 èèyàn tó ń fọwọ́ ara wọn gbẹ̀mí ara wọn lọ́dọọdún káàkiri ayé. Àwọn tó kú nìyẹn. Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ ńkọ́? Edwin Shneidman, ará Amẹ́ríkà tó wà lára àwọn tó dá ibùdó ìdènà ìpara-ẹni sílẹ̀ ní Los Angeles ní 1958, fojú bù ú pé bí ẹni mẹ́fà ni irú ikú kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ ń dá ọgbẹ́ sí lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ayé fi ń pe mẹ́fà yìí bíi pé ẹnì kan ti jókòó kà wọ́n. Ní 2018, Julie Cerel àti àwọn tí wọ́n jọ ṣèwádìí gbé iye mìíràn jáde: 135. Kì í ṣe pé gbogbo àwọn 135 yìí ló ń ṣọ̀fọ̀ bí ìyá ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Àwọn tó mọ olóògbé ni wọ́n kà. Síbẹ̀, àárín wọn ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kì í rántí kí wà. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ti kọ olóògbé sílẹ̀ tí ẹbí ò sì fẹ́ rí sójú mọ́ wà níbẹ̀, aládùúgbò tí kò bá olóògbé tan rárá tó jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ bá òkú náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ ìwé ìkéde ẹgbẹ́ yín, ẹ má kọ ọ́ pé fún ẹbí ni. Ẹni tí ikú náà bá dùn, kó wá.

Wọ́n sábà máa ń bi mí pé, ṣé ikú kì í ṣe ikú ni? Kí ló dé tí ẹgbẹ́ tó wà fún gbogbo olùṣọ̀fọ̀ kò tó? Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí àìsàn pa ọkọ rẹ̀ lè bínú sí àìsàn. Ẹni tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀ lè bínú sí awakọ̀. Ẹni tí èèyàn rẹ̀ pa ara rẹ̀, ta ni kó bínú sí? Ẹni tó ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, ẹnì kan náà ni, òun náà sì ni ó ń wá kiri. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jókòó sáàárín àwọn olùṣọ̀fọ̀ yòókù, tí ọ̀rọ̀ yí kàn án, tó sì dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ inú yàrá yóò yí padà. Wọn kò ní í lé e jáde, wọn á kàn máa wolẹ̀. Ó ti mọ ìwòlẹ̀ yẹn dáadáa, ohun tó ti ń rí láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀ ni.

Ẹrù tí wọ́n ń gbé wá, ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀. Lókè pátápátá ni "kí ló dé?" wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni "ìbá ṣe pé" wà: ìbá ṣe pé mo gbé fóònù yẹn, ìbá ṣe pé mi ò pariwo mọ́ ọn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìbá ṣe pé mo tètè délé. Wọ́n á di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ilé ara wọn, wọ́n á máa tú àpò aṣọ, wọ́n á máa ka àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ lóru, wọ́n á máa wá gbólóhùn tó fi ikú náà hàn. Nígbà tí wọ́n bá ti mọ òpin ọ̀rọ̀, gbogbo gbólóhùn ló máa ń dà bí àmì. Àwọn ọlọ́pàá ti wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn, nígbà mìíràn bíi pé àwọn ló ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ìbínú, tí ó máa ń ṣòro láti sọ jáde torí pé òkú kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń bínú sí.

Èyí tó fara pamọ́ jù lọ ni ìtura. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú ẹni tí ìsoríkọ́ ń bá jà, tó ń jí lóru láti lọ wo bó ṣe ń mí, tí ọkàn rẹ̀ ń já nígbàkigbà tí fóònù bá dún, bí ohun tó ń bà á lẹ́rù bá wá ṣẹlẹ̀ tán, ẹ̀rù ọ̀hún a tú kúrò lára rẹ̀. Ó nífẹ̀ẹ́ olóògbé. Ó ń sunkún lójoojúmọ́. Síbẹ̀ ó sùn mọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì kórìíra ara rẹ̀ nítorí oorun yẹn. Kò sí ibì kan tí yóò ti sọ èyí níta tí wọn kò ní í dá a lẹ́jọ́. Nínú ẹgbẹ́, bí ẹnì kan bá fi ìgboyà sọ ọ́, ẹ ó rí i tí èjìká àwọn mìíràn á wálẹ̀. Bí n bá ní kí n mú ìdí kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ yìí fi gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, èyí ni màá mú.

Ìtìjú ńkọ́? Àwọn èèyàn yìí kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríta ni wọ́n ti ń sin ẹni tó bá pa ara rẹ̀, àfìgbà tí òfin kan fòpin sí i ní 1823. Títí di 1870, ìjọba lè gba dúkìá ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ìwà ọ̀daràn ni lábẹ́ òfin wọn títí di 1961. Ẹ gbọ́ dáadáa: òkú ni wọ́n ní àwọn ń fìyà jẹ, àwọn tó wà láàyè ló sì ń jẹ ìyà náà. Harry Reid, sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, pàdánù bàbá rẹ̀ lọ́nà yìí ní 1972, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá kó tó lè sọ ọ́ ní gbangba. Òun ló wá gbé ìpinnu kalẹ̀ nílé aṣòfin ní 1999 tí wọ́n fi ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù kọkànlá fún àwọn tí irú ikú yìí fi sílẹ̀. Bí ẹni tó ní gbohùngbohùn bẹ́ẹ̀ bá lè dákẹ́ pẹ́ tó yẹn, ẹ ò ní í ṣe kàyéfì sí ìdílé tó ní àìsàn ọkàn ló pa ọmọ àwọn.

Bẹ́ẹ̀ ni òwe wa kan wà tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ fi sílẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tó ń pa òwe yìí lè rò pé òun ń bu iyì fún olóògbé. Ohun tí opó gbọ́ ni pé ẹ̀sín kan wà nílé tí òun kò mọ̀, tàbí pé òun gan-an ni ẹ̀sín ọ̀hún. Ẹni tó ń ronú àtiṣe bẹ́ẹ̀ náà lè wà níjòókòó, òun sì gbọ́ ohun tó burú ju ìyẹn lọ.

Ó dáa. Kí wá ni iṣẹ́ ẹgbẹ́? Iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ ni láti dáhùn "kí ló dé". Níta, gbogbo èèyàn ló ní ìdáhùn: gbèsè ni, èṣù ni, obìnrin ni, àìsàn ọpọlọ ni. Wọ́n ń yára dáhùn torí pé ìbéèrè náà ń dẹ́rù bà wọ́n. Nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan lè béèrè é lónìí, kó tún béèrè é lóṣù tó ń bọ̀, kó tún béèrè é lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n bá jẹ́ kó rìn kiri bẹ́ẹ̀ máa ń rẹ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá dá dúró lẹ́nu, inú ni ó ń padà sí.

Ọ̀rọ̀ yàrá ló kù báyìí. Kí ẹni tuntun tó wá, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ti bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó mọ ẹni tí yóò bá níbẹ̀ àti ohun tí wọn kò ní í fi dandan bi í. Ọ̀pọ̀ ló ń dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń yí padà lọ sílé. Ẹ fi ẹnì kan sẹ́nu ọ̀nà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ to àga ní òbìrí, láìsí tábìlì láàárín, láìsí àga ọlọ́lá. Ẹni mẹ́jọ sí méjìlá dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan kò ní í ráyè sọ̀rọ̀. Wákàtí kan àbọ̀ tó.

Ẹ gbé pépà ìnujú síbi tí ọwọ́ gbogbo èèyàn lè tó o, kí ẹ má sì máa fà á fún ẹni tó ń sunkún. Mo mọ̀ pé àánú ló ń mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀, bí wọ́n bá na pépà sí i, ohun tó gbọ́ ni pé kó nu ojú kó dákẹ́. Bó bá fẹ́, yóò nawọ́ mú un fúnra rẹ̀. Bákan náà ni ìdákẹ́jẹ́. Atọ́kùn tuntun, ìyẹn ẹni tó ń darí ìpàdé, kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́; á máa wá ọ̀rọ̀ dí i. Ẹ jẹ́ kó wà. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹnì kan ń kó ọ̀rọ̀ jọ.

Ẹ ka òfin ìpàdé sókè nígbà gbogbo, kódà bó bá jẹ́ pé àwọn tó mọ̀ ọ́n lórí nìkan ló wá. Ẹ jẹ́ kí kálukú sọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó pàdánù, àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbọ́ lásán, kó gbọ́ lásán. Ẹ máa pe olóògbé ní orúkọ rẹ̀; níta, àwọn èèyàn ti dẹ́kun pípe é. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ikú náà gbà ṣẹlẹ̀, a kì í ṣàlàyé rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Àwòrán tí ẹnì kan bá fi ẹnu yà, ẹlòmíràn ni yóò gbé e lọ sùn, ẹni tí ara rẹ̀ kò sì lágbára lè rí ọ̀nà nínú rẹ̀. Ẹni tí ohun tó fojú rí kò jẹ́ kó sùn nílò àyè láti sọ ọ́, lọ́dọ̀ onímọ̀ tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn, lójúkojú.

Atọ́kùn méjì ni ẹ nílò, kì í ṣe ẹyọ kan. Bí ẹnì kan bá dìde jáde pẹ̀lú omijé, ọ̀kan á tẹ̀ lé e, ọ̀kan á dúró ti àwọn tó kù. Ṣé ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ló yẹ kó jẹ́ atọ́kùn, àbí oníṣẹ́ ìlera? Àwọn ẹgbẹ́ kan ń lo ti àkọ́kọ́, àwọn kan ń lo ìkejì, àwọn kan pa méjèèjì pọ̀. Èmi fara mọ́ pípa pọ̀. Ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ń mú ohun kan wọlé tí ilé ìwé kì í kọ́ni, ìyẹn ni pé ó ṣì wà láàyè, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wọ aṣọ tó mọ́. Àmọ́ kí ọdún méjì ó kéré tán ti kọjá lórí ọ̀fọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣe ń béèrè. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù á sọ ìpàdé di tirẹ̀ láìmọ̀. Ní 2008, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó wà fún ìdènà ìpara-ẹni gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kékeré kan jáde lórí bí a ṣe ń dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ẹ wá a kà.

Ibi tó léwu nìyí. Ní 2016, Alexandra Pitman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní London gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 3,432 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 18 sí 40, tí gbogbo wọn ti pàdánù ẹni kan. Àwọn tí èèyàn wọn pa ara rẹ̀ fi ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí èèyàn wọn kú ikú òjijì àdáyébá lọ nínú gbígbìyànjú láti pa ara wọn. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé "mo fẹ́ lọ bá a", ẹ má sáré wọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó lè jẹ́ àárò lásán, ọ̀pọ̀ olùṣọ̀fọ̀ ló ń sọ ọ́. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í tààrà, ní ìkọ̀kọ̀: ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ? Bíbéèrè kì í gbin èrò náà sí èèyàn lọ́kàn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ pe àwọn tó ń bójú tó pàjáwìrì, ẹ mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Òfin àṣírí kò dé ibẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, kó má baà dà bí ìdalẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn àti ti àwọn tó ń gba ìpè ìrànwọ́ sílẹ̀ kí ìpàdé àkọ́kọ́ tó wáyé.

Ohun tó ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára. Àkọ́kọ́ ni olùdásílẹ̀ tó fẹ́ gbọ́ ẹ̀rí. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó ti ń wá ẹni tí yóò dìde sọ pé ara òun ti yá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á gbọ́ ohun tó ń fẹ́, wọ́n á sì máa sọ ọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ni ìfiwéra: "ìwọ ṣì ní ọmọ méjì", "tèmi ni àkọ́bí". Ẹ gé irú rẹ̀ kúrú. Ọ̀rọ̀ ibi tí ọkàn olóògbé lọ yóò jáde, dandan ni. Kí atọ́kùn má ṣe wàásù, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wàásù fún ẹlòmíràn. Ẹni tó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àlùfáà rẹ̀ lè lọ. Ẹni tí kì í gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀ náà wà níbi gbogbo. "Ẹ ṣé, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti ẹlòmíràn, a ó padà sọ́dọ̀ yín." Kí ẹ sì padà.

Ṣé a ní ẹ̀rí pé ẹgbẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́? Àwọn tó ń lọ sọ pé ó ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ léraléra. Ìwádìí tó lágbára, tó fi àwọn tó lọ wé àwọn tí kò lọ, kò tíì pọ̀, àbájáde àwọn tó wà kò sì dọ́gba. Kì í sì í ṣe gbogbo olùṣọ̀fọ̀ ló nílò rẹ̀. Èyí tó dá mi lójú ju ni pé pípẹ́ kí wọ́n tó rí ibi lọ kò dára. Ní Baton Rouge ní Amẹ́ríkà, Frank Campbell ṣètò pé kí àwọn tí irú ọ̀fọ̀ yìí ti ṣẹ̀ rí máa lọ bá ìdílé ní ọjọ́ náà gan-an, níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má dúró kí ìdílé wá wọn. Ó gba ìgboyà, ó sì gba àjọṣe pẹ̀lú àwọn tó ń ṣèwádìí ikú. Bí ẹ kò bá lè ṣe tó yẹn, ẹ lè fi ìwé pélébé kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tó ń sìnkú.

Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnì kan béèrè nípa àwọn ọmọdé. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, ní ìwọ̀n tí ọjọ́ orí wọn lè gbà, torí wọ́n á gbọ́ ọ níléèwé. Ohun tí wọ́n nílò láti gbọ́ jù ni pé kì í ṣe ẹ̀bi àwọn, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Ẹ má mú wọn wá sínú ìpàdé àgbàlagbà. Ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ ni, níbi tí wọ́n ti lè máa yàwòrán tí wọ́n sì lè máa ṣeré.

Èkejì béèrè ìgbà tó yẹ kí èèyàn fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tó ní ìparí, bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá tí àwọn kan náà jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jọ parí, ìdáhùn ti wà nínú ètò. Nínú èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí lóṣooṣù, àwọn kan á wá lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan á máa wá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò rí ohun tó burú nínú méjèèjì. Ẹni tó ti pẹ́ wúlò fún ẹni tuntun, nítorí òun ni ẹni tuntun ń wò láti mọ̀ pé èèyàn ń là á já.

Ẹ̀kẹta, tí mo fẹ́ràn jù, béèrè pé ta ni yóò tọ́jú atọ́kùn. Kí àwọn atọ́kùn méjèèjì jókòó fún ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìpàdé kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lọ sílé, kí wọ́n sọ ohun tó wúwo fún wọn. Kí wọ́n ní onímọ̀ kan níta tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ látìgbàdégbà. Lóṣù tí ìrántí ikú èèyàn tirẹ̀ bá bọ́ sí, kí atọ́kùn gba ìsinmi, kí ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé òun kò nílò ìsinmi yẹn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fún.